Okùnfà Àtòdewá nínú Okòwò Ìrìn-Àjò: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ìtumọ̀ wọn, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ṣógúnlé

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ṣógúnlé jẹ́ àdúgbò kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Títì Agége Motor Road gba ibẹ̀ kọjá. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ń bá títì náà rìn. Òṣòdì, tí ibùdókọ̀ ńlá rẹ̀ ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wà ní apá kan rẹ̀. Ìkẹjà wà ní apá kejì. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò sì jìnnà sí i. Ìrìn-àjò orí títì, ti ojú irin àti ti òfurufú pàdé ní agbègbè kan náà yìí. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tí ń rìn nìkan ni ìrìn-àjò kàn níbẹ̀. Ó kan awakọ̀, ó kan onílé-ìtura, ó kan alágbàfọ̀ tí ń fọ aṣọ ibùsùn, ó kan ẹni tí ń ta oúnjẹ fún èrò, ó sì kan ẹni tí ń bá ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí irú okòwò bẹ́ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni ó fà á? Ìdáhùn tí ó sábà máa ń yá lẹ́nu ni pé ọmọṣẹ́ ń jí owó, tàbí pé alábòójútó kò mọ iṣẹ́, tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ohun tí ó fà á kò sí ní Ṣógúnlé rárá. Ó lè jẹ́ òfin tí a ṣe ní Àbújá, tàbí àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, tàbí iye dọ́là ní ọjà. Ẹni tí kò ní orúkọ fún irú okùnfà bẹ́ẹ̀ yóò máa lé ọmọṣẹ́ lọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, yóò sì máa náwó sí ibi tí ìṣòro kò sí.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ okòwò ìrìn-àjò náà nílò tirẹ̀. Ohun méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti dábàá ọ̀rọ̀-ìperí fún àwọn okùnfà tí ń ti ìta wá mi okòwò náà. Èkejì ni láti fi àpẹẹrẹ hàn pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán, nítorí pé èrè àti àdánù wà nínú rẹ̀.

2.0 ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ ÌPÌLẸ̀

2.1 Àjò, àlejò àti afẹ́

Yorùbá ní, 'Àjò kì í dùn kí onílé má relé.' Òwe yìí ti fi apá kan oríkì àjò hàn: ẹni tí ó wà lájò ní ilé tí yóò padà sí. Ẹni tí kò ní í padà mọ́ kò sí lájò. Ó ti ṣí lọ ni. Oríkì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ń lò kò jìnnà sí èyí. Gẹ́gẹ́ bí oríkì náà, àlejò ni ẹni tí ó kúrò ní àyíká tí ó mọ́ ọn lára, tí kò ní í lò tó ọdún kan ní ibi tí ó lọ, tí kì í sì í ṣe pé ẹnì kan níbẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́.

Gbólóhùn tí ó ti wọ́pọ̀ fún okòwò yìí ni 'ìrìn-àjò afẹ́'. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 'afẹ́' dín ìtumọ̀ rẹ̀ kù jù. Ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sin òkú bàbá rẹ̀ kò wá ṣe afẹ́. Oníṣòwò tí ó ti Kánò wá ra ọjà kò wá ṣe afẹ́. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀, wọ́n sùn ní ilé-ìtura, wọ́n sì jẹun. Nínú ìṣirò, àwọn náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, 'okòwò ìrìn-àjò' ni ó yẹ fún gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, kí 'ìrìn-àjò afẹ́' sì jẹ́ orúkọ fún èyí tí a ṣe nítorí ìgbádùn nìkan.

Ó tún yẹ kí a pín àlejò sí méjì. 'Àlejò asùnmọ́jú' ni ẹni tí ó sùn, ó kéré tán, òru kan ní ibi tí ó lọ. 'Àlejò ọ̀sán' ni ẹni tí ó dé tí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ìpín yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé okùnfà kan náà lè ṣe ọ̀kan lóore kí ó sì ṣe èkejì níbi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn. Pẹ̀lú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ní Èkó lè ti Abẹ́òkúta wá, kí ó sì sùn ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ń gbé èrò láti ibùdókọ̀ ojú irin jèrè rẹ̀. Onílé-ìtura tí ó ti ń retí pé àlejò náà yóò sùn lè máà rí nǹkan kan.

2.2 Okùnfà abẹ́lé àti okùnfà àtòdewá

Okùnfà ni ohun tí ó mú kí ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wà fún okòwò kọ̀ọ̀kan. 'Okùnfà abẹ́lé' ni èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ni okòwò náà: ìmọ́tótó yàrá, ìwà àwọn òṣìṣẹ́, iye tí a ń gbà fún yàrá kan, ìtọ́jú ọkọ̀. 'Okùnfà àtòdewá' ni èyí tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní ti ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, 'àtòdewá' jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'à-' mọ́ àpólà 'ti òde wá', tí ìpajẹ sì mú fáwẹ̀lì 'i' kúrò. Ìlànà kan náà ni ó bí 'àtẹ̀yìnwá', tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ìdí tí a kò fi lo 'àjèjì' tàbí 'àtọ̀húnrìnwá', tí ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí ohun tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Òde tí 'àtòdewá' ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òde orílẹ̀-èdè. Òde okòwò náà ni. Òfin tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní Àlàúsà kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ń gbé Ṣógúnlé, ṣùgbọ́n àtòdewá ni sí okòwò rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dán okùnfà wò. Kí a béèrè pé: bí olókòwò bá pinnu lónìí láti yí nǹkan yìí padà, ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó o? Bí ó bá tó o, abẹ́lé ni. Bí kò bá tó o, àtòdewá ni. Òjò jẹ́ àtòdewá. Òrùlé tí ń jò, abẹ́lé ni. Ó hàn láti inú àpẹẹrẹ yìí pé okùnfà méjèèjì lè pàdé nínú àdánù kan ṣoṣo. Ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí. Ohun tí ìpín yìí wà fún nìyẹn.

3.0 Ẹ̀KA MẸ́FÀ TI OKÙNFÀ ÀTÒDEWÁ

3.1 Okùnfà ìṣèlú àti ààbò

Okùnfà ìṣèlú ni ìpinnu ìjọba, ìyípadà ìjọba àti ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ní 1983, nígbà tí Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ètò ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024 ni a tó ṣí ojú irin pupa, tí ó ti Agbádó lọ sí Òyìngbò, tí ó sì ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà àti Òṣòdì. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọdún 39 ni ó wà láàárín ìfagilé àti ìṣísílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé-ìtura sí etí ojú irin ní 1984 pẹ̀lú ìrètí èrò kò ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpinnu ẹlòmíràn ni ó ká a mọ́.

'Ìtìpa ẹnubodè' wà lábẹ́ ẹ̀ka yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, a ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí a tún ṣí Sèmè àti ẹnubodè mẹ́ta mìíràn. Ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí Kùtọnu àti Lomé láti Èkó ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti ààbò, ohun tí ẹnì kan ṣe lè di ẹrù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2009, ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú ní Èkó, tí ó sì gba Amsterdam lọ sí Detroit, gbìyànjú láti mú kí ohun abúgbàù bú nínú ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè 14 tí wọn yóò máa yẹ àwọn èrò wọn wò fínnífínní. Ìyá arúgbó tí ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston wà lára àwọn tí ó san gbèsè náà.

3.2 Okùnfà ọrọ̀-ajé

Èyí tí ó lágbára jù lọ nínú ẹ̀ka yìí ni 'iye pàṣípààrọ̀ owó', èyí ni iye owó ilẹ̀ kan tí a fi ń ra ẹyọ kan nínú owó ilẹ̀ mìíràn. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan di nǹkan bíi náírà 4 ní 1987. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tún tú owó náà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bíi náírà 460 kọjá náírà 900 kí ọdún náà tó parí.

Kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún tíkẹ́ẹ̀tì kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,000 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, nǹkan bíi náírà 460,000 ni a ó fi rà á. Ní òpin ọdún, ó ti lé ní náírà 900,000. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò fi dọ́là kan kún un. Ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ṣógúnlé kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ṣùgbọ́n òun ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ pè ní olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà: fún ẹni tí ń mú dọ́là tàbí pọ́n-ùn bọ̀ láti òkèèrè, Èkó ti di ibi tí nǹkan rọjú sí i. Okùnfà kan náà tí ń dí ọ̀nà fún ẹni tí ń lọ, ó ń ṣí i fún ẹni tí ń bọ̀.

'Owó àhámọ́' ni ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí dábàá fún owó tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè pa ní orílẹ̀-èdè kan, ṣùgbọ́n tí kò lè kó jáde nítorí àìsí owó òkèèrè. Àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, IATA, sọ pé owó àhámọ́ ní Nàìjíríà dé 850 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àti pé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a ti san títí di oṣù kẹrin ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ Emirates dá ìrìn-àjò rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2022 nítorí ọ̀ràn yìí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ó padà. Nǹkan bí ọdún méjì ni àlejò tí ọkọ̀ náà ìbá máa gbé wá fi gba ọ̀nà mìíràn.

Iye epo náà wà níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo dúró, lítà epo bẹntiróòlù kan ní ilé-epo NNPC ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 dé náírà 488. Kò sí awakọ̀ tí ó ní agbára láti ní kí ó má rí bẹ́ẹ̀.

3.3 Okùnfà àwùjọ

Okùnfà àwùjọ ni ìgbàgbọ́, àṣà, iye ènìyàn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Láàárín Yorùbá, ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìjẹ-oyè àti ọdún ìbílẹ̀ ni ó ń mú ènìyàn rìn jù. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ń gba àlejò púpọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ń padà wálé ní oṣù kejìlá. Bí àwọn tí ń gbé òkèèrè bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ní ìdí láti wá kí ilé yóò máa pọ̀ sí i. Èyí ni pé ìṣílọ, tí kì í ṣe àjò, ń bí àjò.

3.4 Okùnfà ìmọ̀-ẹ̀rọ

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó wà nínú IATA fi tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sórí 'tíkẹ́ẹ̀tì aláìníwèé'. Ìwé tí àwọn aṣojú ń pa mọ́ sínú àpótí irin kò wúlò mọ́. Tẹlifóònù alágbèéká tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001 sì ti mú kí èrò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá iye owó, kí ó sì san án. Láti 2014 tí Uber ti wọ Èkó, 'ọkọ̀ àfifóònùpè' náà ti wà: ọkọ̀ tí èrò pè wá sí ibi tí ó wà, dípò kí òun lọ bá a ní ìdíkọ̀. Àǹfààní tí ẹni tí ó jókòó sí itòsí pápákọ̀ òfurufú ní tẹ́lẹ̀ dín kù, nítorí pé ìtòsí kò tún jẹ́ ohun kan náà mọ́.

3.5 Okùnfà àyíká àti ìlera

Eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú òfurufú láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejì, tí ọkọ̀ kò fi ní í lè gbéra tàbí kí ó balẹ̀ ní àsìkò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, òkè oníná kan ní Iceland tú eérú sí òfurufú, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì tì fún ọjọ́ mélòó kan. Èrò tí ń ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò rí ọ̀nà lọ.

Ní ti ìlera, ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí àrùn Ebola ń ṣe ti Làìbéríà gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé. Ènìyàn 20 ni àrùn náà ṣe ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà gba pápákọ̀ kan náà yìí wọlé ní oṣù kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, a ti Èkó àti Àbújá pa mọ́ ọkọ̀ òfurufú tí ń ti òkèèrè bọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, a ní kí àwọn ará Èkó jókòó sílé. Ọjọ́ 8 oṣù keje ni ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé tún gbéra ní Èkó. Ti òkèèrè di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Fún oṣù márùn-ún ó lé, agbègbè tí ariwo ọkọ̀ òfurufú kì í dá níbẹ̀ kò gbúròó ti òkèèrè bí ó ti máa ń gbọ́ ọ.

3.6 Okùnfà òfin

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Òfin bẹ́ẹ̀ ń la ọ̀nà. Òfin mìíràn ń pinnu ẹni tí olókòwò yóò dáhùn fún. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ lórí ìwọlé-wọ̀de àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó jọ dé ilé-ẹjọ́ lórí ìbéèrè kan: ṣé fífi orúkọ ilé-ìtura sílẹ̀ àti pípín in sí ìpele wà nínú gbólóhùn náà? Ní oṣù keje ọdún 2013, Ilé-Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kò sí níbẹ̀, pé ìpínlẹ̀ ni ó ni í. Ẹjọ́ yìí yẹ ní àkíyèsí fún ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí. Ìtumọ̀ àpólà kan ṣoṣo ni ó pinnu ibi tí onílé-ìtura ní Ṣógúnlé yóò lọ san owó ìforúkọsílẹ̀.

4.0 BÍ OKÙNFÀ ṢE Ń RÌN: ÒJIJÌ, ÀYÍPO ÀTI ÌTẸ̀SÍ

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ibi tí okùnfà ti wá, ìbéèrè kejì ni pé báwo ni ó ṣe ń rìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà rìn.

Èkíní ni 'òjijì'. Okùnfà òjijì ni èyí tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀, tí yóò sì kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni 'àjálù', láti inú 'já lù'. Ṣùgbọ́n àjálù kì í ṣe ohun rere láé nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ òjijì lè jẹ́ rere. Nítorí náà, kí 'òjijì' jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí 'àjálù' sì jẹ́ òjijì tí ó mú àdánù wá. Ìtìpa ọdún 2020 jẹ́ àjálù.

Èkejì ni 'àyípo'. Èyí ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tí ń padà wá ní àsìkò rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wà nílẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. 'Àyípo oòrùn' ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà oṣù kìíní sí oṣù kejìlá: ọyẹ́, Kérésìmesì, ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. 'Àyípo òṣùpá' ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, tí ọdún rẹ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti oòrùn lọ. Ọdún Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ní 2024, àti ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ní 2025. Ẹni tí ó bá ń fi oṣù kẹfà ọdún kan wé oṣù kẹfà ọdún mìíràn láìka èyí sí yóò rò pé okòwò rẹ̀ ń yí padà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún Iléyá ni ó ṣípò. Ìrìn-àjò Hájì wà lórí àyípo kan náà.

Ẹ̀kẹta ni 'ìtẹ̀sí', láti inú àfòmọ́ 'ì-' àti àpólà-ìṣe 'tẹ̀ sí', bí igi ti ń tẹ̀ sí ìhà kan. Ìtẹ̀sí ni ibi tí nǹkan ń fì sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó tilẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójoojúmọ́. 'Ìdàgbàsókè' kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ìtẹ̀sí lè jẹ́ sí ìsàlẹ̀. 'Àṣà ìgbàlódé' kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àṣà lè kọjá lọ láàárín ọdún kan. Iye àwọn tí ń kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí àlejò asùnmọ́jú lágbàáyé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ní 1950. Ní 2019, ó ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5. Ìtẹ̀sí nìyẹn. Ní 2020, ó já sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 400. Àjálù nìyẹn. Ní 2024, ó ti padà sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4. Àjálù náà kò ṣẹ́ ìtẹ̀sí náà.

Àṣìṣe mẹ́ta tí ó máa ń gbówó lọ́wọ́ olókòwò wá láti inú àìya mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀:

(i) Kí a pe àyípo ní ìtẹ̀sí. Onílé-ìtura rí i pé gbogbo yàrá rẹ̀ kún ní oṣù kejìlá, ó sì yá owó láti kọ́ yàrá 10 sí i. Ní oṣù kejì, yàrá ṣófo, èlé orí owó kò sì ní àyípo tirẹ̀.

(ii) Kí a pe àjálù ní ìtẹ̀sí. Awakọ̀ rí i ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pé kò sí èrò, ó sì ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdajì owó. Nígbà tí èrò padà, ọkọ̀ kò sí mọ́, iye ọkọ̀ sì ti lọ sókè.

(iii) Kí a pe ìtẹ̀sí ní àjálù. Ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní 2008 rò pé tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé yóò padà, ó sì jókòó dè é.

Àtúnṣe mẹ́ta náà yàtọ̀ síra. Àjálù ń fẹ́ ìfaradà àti owó ìpamọ́. Àyípo ń fẹ́ ètò: kí èrè ìgbà ọ̀pọ̀ gbé ìgbà ọ̀wọ́n. Ìtẹ̀sí ń fẹ́ kí a yí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tí ó wà níwájú ẹni kò nira, bí àkọsílẹ̀ bá wà. Kí a kọ iye àlejò oṣooṣù sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Kí a fi oṣù kejìlá wé oṣù kejìlá, kí a má fi wé oṣù kọkànlá. Bí ìyàtọ̀ bá ń padà wá lọ́dọọdún, àyípo ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí iye sì padà sí ibi tí ó wà, òjijì ni. Bí oṣù kan náà bá ń dín kù, tàbí tí ó ń pọ̀ sí i, ní ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn, ìtẹ̀sí ni.

5.0 ÀKÓJỌ Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ

Àjálù: òjijì tí ó mú àdánù wá.
Àlejò asùnmọ́jú: ẹni tí ó sùn ó kéré tán òru kan ní ibi tí ó lọ.
Àlejò ọ̀sán: ẹni tí ó lọ tí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà.
Àyípo: ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tí ń padà wá ní àsìkò, ó lè jẹ́ ti oòrùn tàbí ti òṣùpá.
Ìrìn-àjò afẹ́: ìrìn-àjò tí a ṣe nítorí ìgbádùn.
Ìtẹ̀sí: ibi tí nǹkan ń fì sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.
Ìtìpa ẹnubodè: dídá ìwọlé-wọ̀de dúró ní ààlà orílẹ̀-èdè.
Iye pàṣípààrọ̀ owó: iye owó ilẹ̀ kan tí a fi ń ra ẹyọ kan nínú owó ilẹ̀ mìíràn.
Òjijì: okùnfà tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀, tí yóò sì kọjá.
Okòwò ìrìn-àjò: gbogbo iṣẹ́ ajé tí ń pèsè fún ẹni tí ó wà lájò.
Okùnfà abẹ́lé: okùnfà tí ó wà ní ìkáwọ́ olókòwò.
Okùnfà àtòdewá: okùnfà tí kò sí ní ìkáwọ́ olókòwò.
Ọkọ̀ àfifóònùpè: ọkọ̀ tí èrò fi tẹlifóònù pè wá bá a.
Owó àhámọ́: owó tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè pa tí kò lè kó jáde.
Tíkẹ́ẹ̀tì aláìníwèé: tíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, tí kò nílò ìwé.

6.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀-ìperí wọ̀nyí fi lé ẹni tí okòwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́: níbo ni okùnfà náà ti wá, báwo ni ó sì ṣe ń rìn? Èkíní kò ní jẹ́ kí ó fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ òde jẹ ọmọ ilé. Èkejì kò ní jẹ́ kí ó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ohun tí yóò kọjá, tàbí kí ó jókòó de ohun tí kò ní í padà mọ́.

Ìpín náà kò sì wẹ ẹnikẹ́ni mọ́ pátápátá. Pé ohun kan jẹ́ àtòdewá kò sọ pé olókòwò kò ní nǹkan kan í ṣe. Kò sí ẹni tí ó lè dá òjò dúró ní Ṣógúnlé, ṣùgbọ́n gbogbo onílé ni ó mọ̀ pé oṣù kẹfà ń bọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún ilé-ẹ̀kọ́ ni láti mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé etí àwọn tí ń ṣe okòwò náà, kí wọ́n lò wọ́n, kí wọ́n sì tún èyí tí kò bá dùn lẹ́nu ṣe. Ọ̀rọ̀-ìperí tí àwọn olùkọ́ nìkan ń lò kò tíì di ọ̀rọ̀.